Google Docs lójú Màmá Onítáípù: ọdún mẹ́ta tí mo ti ń tẹ̀wé nínú búráúsà ní Tanke

Ojú ìwé mọ́kànlá ló bọ́ lọ́wọ́ mi ní alẹ́ ọjọ́ kìíní tí mo fi Google Docs, ibi ìtẹ̀wé Google lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣiṣẹ́ oníbàárà, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi sọ ọ́ nù. Aago mẹ́wàá ti ń lọ lù, àsìkò tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kó pírójẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, dátà inú fóònù tí mo so mọ́ kọ̀ǹpútà ti tán, n ò sì mọ̀. Èmi ń tẹ̀ lọ ràì. Lókè ìwé náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń wá nẹ́tíwọ̀kì, òun ò rí. Ta ló ń wo òkè? Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lórí táípúráítà kì í wo nǹkan kan ju ìwé tó ń dà kọ lọ. Nígbà tí mo parí, mo ní kí n pa á dé. Búráúsà bi mí bóyá kí n lọ ni àbí kí n dúró, pé àwọn nǹkan tí mo ṣe lè má tíì wà ní ìpamọ́. Mo tẹ “Leave”. Mo rò pé ó ń kí mi pé ó dàárọ̀ ni.

Mo jókòó títí jẹnẹrétọ̀ fi jẹ epo rẹ̀ tán. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀, n ò sì gba kọ́bọ̀ lé owó tí a ti dá. Síbẹ̀, ọdún kẹta rèé tí mo ṣì ń lò ó, mi ò sì ní í padà sí ibi tí mo ti ń bọ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Ìlọrin ni mo ti ń jẹun. Tanke ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Yunifásítì Ìlọrin, kọ̀ǹpútà mẹ́ta, pírǹtà méjì, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan tó ti dàgbà ju àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ lọ. Màmá Onítáípù ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pè mí. Orí táípúráítà Olympia ni mo ti kọ́ṣẹ́ ní 1994, lọ́dọ̀ ọ̀gá obìnrin kan ní ọ̀nà Táíwò tó máa ń fi rúlà gbá wa níka bí a bá fi lè wo ọwọ́. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjàkadì tí èmi àti fláàṣì àwọn ọmọ wọ̀nyí jà kí n tó mọ Google Docs, kò sí nínú oríkì.

Ẹni tí kò bá tẹ̀wé fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rí kò lè mọ̀ pé fláàṣì máa ń ṣàìsàn. Ọmọ á dé, á ti fláàṣì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, gbogbo fáìlì inú rẹ̀ á ti di ṣọ́tíkọ́ọ̀tì tí kò ṣí. Òmíràn á gbé èyí tó ti bá aṣọ wọ inú omi ọṣẹ wá. Àwọn tí fáìlì tiwọn pé, orúkọ ni yóò kó wa sí wàhálà: ọ̀kan ń jẹ́ “FINAL”, ọ̀kan ń jẹ́ “FINAL 2”, ọ̀kan ń jẹ́ “FINAL LAST”, ẹni tó ni wọ́n ò sì mọ èyí tí olùkọ́ òun fọwọ́ sí. Mo ti tẹ “FINAL 2” jáde rí, ọgọ́rin ojú ìwé, mo ti dì í tán kí ọmọ náà tó rántí pé “FINAL” ni olùkọ́ kà gbẹ̀yìn. Ta ni yóò san owó ìwé? Àwa méjèèjì ń wo ara wa.

Ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé Gàá Àkànbí ló wá fi nǹkan náà hàn mí. Ó ní kí n ṣí Chrome, búráúsà tí mo fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, kí n kọ docs.new síbi tí àdírẹ́ẹ̀sì máa ń wà, kí n tẹ Enter. Ojú ìwé funfun kan yọ. Mo ní, “Ó tán?” Ó ní, “Ó tán, Mọ́mì.” Mo ní èwo ni ká gbé sínú kọ̀ǹpútà, èló ni, ta la ó sanwó fún? Ó rẹ́rìn-ín. Kò sí nǹkan tí a gbé sínú kọ̀ǹpútà, inú búráúsà níbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà, Gmail tèmi nìkan ló béèrè. Ó ní Google fúnra rẹ̀ kọ́ ló bí i: ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Upstartle ló ṣe é, Writely ni wọ́n sọ ọ́, oṣù kẹta ọdún 2006 ni Google rà wọ́n. Àṣé ọmọ àgbàtọ́ ni. Èmi náà àgbàtọ́ ni mí lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ọ̀fà, ara mi wá balẹ̀ sí i.

Nǹkan tó kọ́kọ́ rú mi lójú ni pé n ò rí ibi tí wọ́n ti ń fi ìwé pamọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, Ctrl àti S ti di bárakú: gbólóhùn kan, Ctrl àti S, bí ẹni tó ń sín. Níbí, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ohun tó ń sọ fún mi ni pé òun ti fi í pamọ́ tipẹ́. Bí ọwọ́ ti ń lọ ló ń kó ọ̀rọ̀ lọ sí Drive, ibi ìpamọ́ Google lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán ìkùukùu kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìwé lókè. Bí ó bá kọ “Saving”, ẹ ní sùúrù. Bí ó bá ti kọ “Saved to Drive”, ẹ lè dìde lọ kírun. Ìkùukùu yẹn ni n bá máa wò lálẹ́ ọjọ́ kìíní.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí mo fi rí iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà ìwé iṣẹ́ ni mo ń tẹ̀ fún bàbá kan, ó jókòó tì mí, ó ń pè é fún mi. Iná lọ pàì. Kọ̀ǹpútà yẹn kò ní bátìrì, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Bàbá ní, “Ah.” Èmi náà ní, “Ah.” A tan jẹnẹrétọ̀, a ṣí Chrome padà, mo sì ti ń múra láti bẹ̀bẹ̀. Ìwé yọ. Gbogbo rẹ̀ pé títí dé “nítorí”. Mo tẹ ìparí rẹ̀, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ dúdú yẹn dúró níwájú “í”, ó ń ṣẹ́jú, ó ń retí mi. Bàbá bi mí pé, “Nítorí kí ni mo ní kí o kọ?” Òun ló gbàgbé.

Ti dátà tó tán wá ńkọ́? Ohun tó yẹ kí n ti ṣe rèé. Nínú Drive, ẹ lọ sí Settings, ẹ máàkì ibi tí wọ́n kọ Offline sí. Chrome tàbí Edge ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Nẹ́tíwọ̀kì gbọ́dọ̀ wà lọ́jọ́ tí ẹ ń tan án. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí dátà tán, ọjà ti tú. Kò sì ní í ṣiṣẹ́ nínú fèrèsé Incognito, fèrèsé ìkọ̀kọ̀ tí kì í rántí ẹni tó lò ó. Bí ẹ bá ti tan án, ìwé á máa gbé inú kọ̀ǹpútà yín, ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́ lọ nínú òkùnkùn nẹ́tíwọ̀kì, ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá dé ni yóò kó gbogbo rẹ̀ gòkè. Lórí kọ̀ǹpútà tiyín nìkan o. Ẹ má wá tan án sórí tèmi.

Àmọ́ ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ dénú ni ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń ṣe HND. Aago méje àárọ̀ ló wọlé, ojú rẹ̀ ti wú. Kò tíì kúnlẹ̀ kí mi tán tó ti na fóònù sí mi. Mo wò ó: Orí Kẹta pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti di “kkkkkkkkkk” àti àwòrán bọ́ọ̀lù mẹ́ta. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, ló mú fóònù nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń dáná. Nǹkan tó ń fi ara rẹ̀ pamọ́ kò mọ̀ bóyá ọ̀mọ̀wé ló ń tẹ̀ ẹ́ tàbí ọmọ ilé jẹ́lé-ó-sinmi. Bí àbúrò ti ń tẹ k, bẹ́ẹ̀ ni Google ń gba k, tó ń fi í pamọ́ tọwọ́tẹsẹ̀.

Mo ní kó wọlé sí Gmail rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣi páswọ́ọ̀dù tẹ̀. Mo tẹ File, mo lọ sí Version history, mo tẹ See version history. Lápá ọ̀tún, ọjọ́ àti aago tò wálẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà, orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́ nígbà kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ rẹ̀. Mo tẹ ti aago mẹ́wàá kọjá alẹ́ àná. Ojú ìwé ṣófo. Nǹkan róbótó kan ń yí, ó ń yí. Ọmọ náà di etí tábìlì mú. Àkọlé ló kọ́kọ́ yọ, tẹ̀ lé e ni ìpínrọ̀ kìíní, tẹ̀ lé e ni tábìlì àwọn tó dáhùn ìbéèrè rẹ̀ ní ọjà Ìpàtà, iye ọkùnrin, iye obìnrin, gbogbo rẹ̀ pé pérépéré. Kò pariwo. Ó kàn jókòó sórí páálí ìwé A4 tí mo gbé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó ń sọ “Alhamdulillah” lábẹ́nu, ó ń sọ ọ́ ṣáá. Mo tẹ Restore this version. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ó ra wàrà díndín wá fún mi nínú ọ̀rá, pẹ̀lú ata lójú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í tọ́jú ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan títí láé. Ó máa ń pa àwọn kan pọ̀ mọ́ra kí àyè má baà kún. Nítorí ìyẹn, bí iṣẹ́ bá ti dé ibi tó lórí, mo máa ń fún un lórúkọ níbẹ̀: “Kí olùkọ́ tó fi bírò pupa sí i”, “Lẹ́yìn bírò pupa”. Name current version ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo, orúkọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ìtàn rẹ̀ wà nínú rẹ̀. “FINAL LAST” kú ní ṣọ́ọ̀bù mi. Bí ẹ bá sì ṣèèṣì ju odindi ìwé sínú Trash, ọgbọ̀n ọjọ́ ni ẹ ní láti lọ gbé e.

Ẹ wá gbọ́ ti ẹgbẹ́ wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Ọ̀fà, ti àwa tó wà ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n a ní àwọn tó wà ní Èkó, a ní àwọn tó wà ní Ìlúọba. Mo kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, mo ju líǹkì rẹ̀ sínú WhatsApp wa, mo ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ní líǹkì, mo sì fi ipò Editor sí i. Ẹ̀bi mi ni. Nírọ̀lẹ́, Alága pè mí: “Akọ̀wé, ta ló ń jẹ́ Anonymous Capybara nínú ẹgbẹ́ wa? Ṣé ó ti san owó oṣù rẹ̀?” Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹni tó bá gba orí líǹkì wọlé láì fi íméèlì rẹ̀ hàn, orúkọ ẹranko ni Google máa ń fi bò ó lójú. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “Egúngún lẹ wí.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ìyẹn kéré. Bàbá wa kan wà nínú ẹgbẹ́, ọjọ́ orí wọn ti lé ní ọgọ́rin. Wọ́n rò pé inú WhatsApp làwọn ṣì wà. Níbi tí mo kọ “Àpapọ̀ owó tó wà ní báńkì” sí, kó tó kan iye owó gan-an, bàbá kọ ọ́ pé: “Àmín àṣẹ. Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ọlọ́run á wò yín o.” Kò sẹ́ni tó láyà láti pa á rẹ́, àgbà ló kọ ọ́, àdúrà sì ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìwé ìṣirò owó wa fi ní àdúrà láàárín. Ìpàdé tó tẹ̀ lé e ni Alága ní kí n rọra gbé e lọ sí ìparí.

Àwọn ipò mẹ́ta yẹn, ẹ mọ̀ wọ́n kí ẹ tó pín nǹkan: Viewer kàn lè kà á, Commenter lè sọ tirẹ̀ sétí ìwé, Editor lè fọwọ́ kan gbogbo ẹ̀. Commenter ni mo fún gbogbo àgbà ẹgbẹ́ báyìí. Àdúrà wọn ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, níbi tó yẹ ẹ́.

Líǹkì tí a kò ṣí ńkọ́? Òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù mi. Bí Google bá ti bí ìwé tuntun, títì ló máa ń wà, Restricted ni wọ́n kọ sí i, àfi ẹni tó ni ín. Ọmọ kan láti Malete fi líǹkì ránṣẹ́ sí mi ní aago mọ́kànlá alẹ́ pé kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ jáde, òun ó wá gbà á ní aago méje. Mo tẹ̀ ẹ́, ìlẹ̀kùn títì ni mo bá. Mo bèèrè àyè láti wọlé, ìbéèrè mi lọ sínú íméèlì rẹ̀, òun ti sùn. Mo pè é, fóònù ti kú. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó dé, ó ní, “Mọ́mì, ẹ ò tíì ṣe é?” Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá fẹ́ fi líǹkì ránṣẹ́, ẹ tẹ Share, ẹ yí i kúrò ní Restricted. Ẹ wá fi líǹkì náà sí fèrèsé Incognito lórí fóònù yín, ẹ wò ó bí àlejò. Bó bá ṣí fún yín níbẹ̀, yóò ṣí fún èmi náà.

Èdè wa ńkọ́? Ibí ni ojú mi ti là jù. Àáfà kan láti Pákátà ló máa ń gbé wáàsí rẹ̀ wá, Yorùbá pọ́ńbélé, ó sì fẹ́ kí àmì ohùn pé, nítorí ó ní òun ti ka “ọ̀kọ̀” sí “ọkọ” rí níwájú àwọn ìyàwó ilé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ìwé náà kún fún ìlà pupa wíníwíní, bí ara ẹni tó sùn láì ta nẹ́ẹ̀tì. Google rò pé Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ láìdáa ni. Tools ni mo lọ, mo lọ sí Spelling and grammar, mo yọ máàkì kúrò lára Show spelling suggestions. Ara ìwé jọ̀lọ̀.

Lórí fóònù, kíbọ́ọ̀dù Gboard ní Yorùbá, ẹ di lẹ́tà mú pẹ́, àmì á yọ. Lórí kọ̀ǹpútà, ọgbọ́n tí mo ta rèé, n ò sì tíì rí atẹ̀wé mìíràn ní Tanke tó ń ta á. Ẹ lọ sí Tools, Preferences, Substitutions. Mo kọ “Olorun” sápá òsì, mo kọ “Ọlọ́run” sápá ọ̀tún. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti tẹ Olorun tí mo tẹ àlàfo lé e, á yí padà lójú mi, á di Ọlọ́run, bí ẹni tó fi ojú kan ìmọ́lẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún Yorùbá, fún Ìlọrin, fún orúkọ, fún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò ní ìkejì. Ṣùgbọ́n ẹ má fi “eko” síbẹ̀. Mo fi í síbẹ̀, mo ṣì í ṣe, mo sọ pé kó máa di “ẹ̀kọ”. Àáfà lọ ka wáàsí, ó bá a níwájú rẹ̀ pé wíwá ẹ̀kọ ọ̀ranyàn ni fún gbogbo Mùsùlùmí. Ó pè mí láti ibẹ̀, ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní àsìkò sààrì nìkan ni gbólóhùn yẹn tọ̀nà.

Ìṣòro kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bí ẹ bá ń kọ Yorùbá. “Ẹ́” tó ní àmì lórí tó tún ní ti ìsàlẹ̀, lẹ́tà kan kọ́ ni lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ ló jókòó, àmì ohùn ló gùn ún lẹ́yìn. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ̀ wọ́n á jẹ́ kí àmì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí fìlà tí atẹ́gùn gbé, tàbí kó fi àpótí kékeré rọ́pò rẹ̀. Bí mo bá gbé wáàsí Àáfà lọ sí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, PDF ni mo ń gbé lọ: File, Download, PDF Document. PDF máa ń ru fọ́ǹtì rẹ̀ dání.

Ti Word, ìtẹ̀wé ti Microsoft, tèmi ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Google Docs ń ṣí fáìlì .docx, ó sì lè tún un ṣe láì yí i padà, ṣùgbọ́n bí tábìlì bá pọ̀ nínú rẹ̀, tí òǹkà ojú ìwé bá jẹ́ i, ii, iii níwájú kó tó di 1, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú ìwé sójú ìwé kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá le lórí ètò ojú ìwé, kó lo Word orí búráúsà ti Microsoft fún ìparí iṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni òun náà, 5 GB ni àyè OneDrive, ibi ìpamọ́ tiwọn, tí wọ́n ń fún ni. Ti Google jẹ́ 15 GB, ṣùgbọ́n ìwé, íméèlì àti fọ́tò ló jọ ń jẹ nínú abọ́ kan náà. Kì í ṣe pírójẹ́ẹ̀tì ló ń kún un. Fídíò ìkómọ ni.

Ẹ má sì da àmì tó kàn ń tọ́ka sí ìwé kọ sórí fláàṣì mọ́, kí ẹ rò pé ìwé gan-an lẹ gbé. Ọmọkùnrin kan gbé fáìlì tó ń parí sí .gdoc wá, ó fà á láti inú kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí fláàṣì, inú rẹ̀ dùn. Mo wo bó ṣe tóbi tó: 1 KB. Àdírẹ́ẹ̀sì ló gbé wá, ìwé náà wà nílé. Ó dà bí ẹni tó ní kí n wá jẹ ìyán, tó wá fún mi ní orúkọ òpópónà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù kò sí nínú Google Docs fúnra rẹ̀. Àwọn oníbàárà ni. Wọ́n á wọ Gmail wọn lórí kọ̀ǹpútà mi, wọ́n á tẹ iṣẹ́ wọn jáde, wọ́n á sanwó, wọ́n á lọ, íméèlì wọn á ṣí sílẹ̀ gbalaja bí ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn. Mo ti bá lẹ́tà ìfẹ́ pàdé. Mo ti bá ọ̀rọ̀ báńkì pàdé. Fèrèsé Guest ni mo ń ṣí fún gbogbo ẹni tó bá wọlé báyìí: ẹ tẹ àwòrán orí ènìyàn lókè Chrome, ẹ yan Guest. Bí oníbàárà bá ti lọ tí mo pa á dé, ó ti gbá gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ nù. Ẹni tó bá ti gbàgbé síbòmíràn tẹ́lẹ̀, kó wọ ètò ààbò àkáǹtì Google rẹ̀, á rí gbogbo ẹ̀rọ tó ti wọlé, á sì lè yọ èyí tí kò fẹ́ láti orí ibùsùn rẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ìkẹrin jẹ́ ti Version history nìkan. Bí kò sí ìyẹn, mẹ́ta ni n bá fún un. Ìkarùn-ún wà lọ́wọ́ mi, nítorí mo kà á sí àìdáa pé títan Offline ṣì jẹ́ ohun tí ènìyàn ní láti lọ wá fúnra rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí kò ní nẹ́tíwọ̀kì ló nílò rẹ̀ jù.

Mo ń ṣí láti aago mẹ́jọ, àfi ọjọ́ Jímọ̀ tí a máa ń ti ìlẹ̀kùn láti aago méjìlá àbọ̀ di aago mẹ́ta. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ ti rántí páswọ́ọ̀dù yín kí ẹ tó wọ kẹ̀kẹ́. Bó bá sì jẹ́ líǹkì lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ má sùn kí n tó dá yín lóhùn pé ó ṣí.